#' àti ' nínú Lisp: kí ló yà wọ́n sọ́tọ̀, ìgbà wo la sì ń lo èwo?

Akẹ́kọ̀ọ́_Lisp

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Common Lisp ni mò ń kọ́, SBCL (ọ̀kan lára àwọn ètò tó ń mú kóòdù Common Lisp ṣiṣẹ́) ni mo sì ń lò. Ohun kan wà tí mo máa ń rí nínú kóòdù àwọn ẹlòmíràn tí kò tíì yé mi yékéyéké. Ẹ wo ìlà mẹ́ta yìí:

```
(mapcar #'1+ '(1 2 3))
(mapcar '1+ '(1 2 3))
(mapcar (lambda (x) (+ x 1)) '(1 2 3))
```

Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló fún mi ní `(2 3 4)`. Ti àkọ́kọ́ ní `#'`, ti èkejì ní `'` lásán, ẹ̀kẹta ò ní àmì kankan níwájú. Ṣùgbọ́n bí mo bá kọ ọ́ báyìí:

```
(mapcar 1+ '(1 2 3))
```

SBCL á ní òun ò rí variable tó ń jẹ́ `1+`. Kí ló dé tí orúkọ function fi gbọ́dọ̀ ní àmì níwájú níbí, tí kì í sì í ní i bí mo bá kọ `(1+ 5)`? Bí `'` àti `#'` bá sì jọ ń ṣiṣẹ́, èwo ni kí n mú? Nínú kóòdù Emacs (ohun èlò ìkọ̀wé tó ní Lisp tirẹ̀) pàápàá, mo máa ń rí àwọn méjèèjì lórí ìlà kan ṣoṣo. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye.

---

Aṣe_Macro

Ẹ káàbọ̀. Ìbéèrè gidi lẹ bi, ó sì dáa bí ẹ ti bi í kó tó pẹ́.

Nínú Common Lisp, symbol kan (ìyẹn orúkọ tí Lisp lè lò bíi dátà) lè ní ohun méjì lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà: iye tó ní gẹ́gẹ́ bíi variable, àti function tó ń jẹ́ orúkọ yẹn. Àyè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni méjèèjì ń gbé, ọ̀kan kì í dí èkejì lọ́nà. Ẹ wo èyí:

```
(defun sinu-ati (list)
  (list (first list) (length list)))

(sinu-ati '(a b c)) ; → (A 3)
```

`list` tó wà lẹ́yìn àkámọ́ tó ṣí ìlà kejì, function ni. `list` méjì tó kù lórí ìlà náà, variable ni wọ́n. Báwo ni Lisp ṣe mọ̀ wọ́n yàtọ̀? Ipò tí wọ́n wà ló fi mọ̀ ọ́n. Ohun tó bá wà níwájú pátápátá nínú àkámọ́, àyè àwọn function ló ti ń wá a. Ohun tó bá wà ní ipò argument, àyè àwọn variable ló ti ń wá a. Ìyẹn ni `(1+ 5)` fi ń lọ geere tí `(mapcar 1+ ...)` sì ń dá wàhálà sílẹ̀: nínú èyí kejì, `1+` wà ní ipò argument, Lisp lọ wá variable tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, kò bá a níbẹ̀.

`#'` ló ń sọ fún Lisp pé, "Níbí yìí, àyè àwọn function ni kí o wò." Ìkékúrú ni fún `(function 1+)`. `'1+` náà, ìkékúrú ni fún `(quote 1+)`. Ẹ lè fi ojú ara yín rí i:

```
(car (read-from-string "#'1+")) ; → FUNCTION
(car (read-from-string "'1+")) ; → QUOTE
```

Nítorí náà, `#'1+` ń gbé function fúnra rẹ̀ fún mapcar. `'1+` ń gbé orúkọ rẹ̀ fún un. Ó dà bí ìyàtọ̀ tó wà láàárín kí n fa ẹnì kan lọ́wọ́ wá bá yín, àti kí n kàn dárúkọ rẹ̀ fún yín pé kí ẹ lọ wá a fúnra yín. Àwọn méjèèjì ṣiṣẹ́ níbí nítorí pé ìlànà Common Lisp gbà kí `mapcar`, `funcall`, `apply`, `sort` àti irú wọn gba symbol dípò function. Bí wọ́n bá rí symbol, wọ́n á lọ wo function tó ń jẹ́ orúkọ yẹn ní gbangba, ìyẹn èyí tí `defun` dá sílẹ̀ fún gbogbo ètò náà, wọ́n á sì pè é.

Ọ̀rọ̀ "ní gbangba" yẹn, ẹ dì í mú dáadáa. Ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ tó lágbára jù ti ń yọjú.

Ní ti `lambda` (function tí a kò fún lórúkọ) tí kò ní àmì: macro, ìyẹn ohun tó ń yí kóòdù padà sí kóòdù mìíràn kó tó ṣiṣẹ́, ni `(lambda ...)` nínú Common Lisp òde òní, `(function (lambda ...))` ló ń dà. Kò sí ìyàtọ̀ kankan láàárín `(lambda (x) ...)` àti `#'(lambda (x) ...)`. Ìlànà ANSI ti 1994 ló fi macro náà sínú èdè. Bí ẹ bá rí `#'(lambda` nínú kóòdù àtijọ́, ìdí nìyẹn.

---

Ọwọ́_Kóòdù

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ "ní gbangba" yẹn síwájú, nítorí òun ló ń pa kóòdù ènìyàn lára láìpariwo.

```
(flet ((ilopo (x) (* 2 x)))
  (mapcar #'ilopo '(1 2 3))) ; → (2 4 6)
```

`ilopo` yìí kò sí ní gbangba. Inú `flet` nìkan ló wà. `#'ilopo` rí i, nítorí pé `function` ń wo àyíká tí wọ́n kọ ọ́ sí kó tó wo ìta. Ẹ wá yí i sí `'ilopo`:

```
(flet ((ilopo (x) (* 2 x)))
  (mapcar 'ilopo '(1 2 3))) ; àṣìṣe: kò sí function tó ń jẹ́ ILOPO
```

Orúkọ lásán lẹ fún mapcar. Ó gbé orúkọ náà lọ sí gbangba, kò bá ẹnì kankan níbẹ̀, ó sì sọ bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ṣì dáa, torí ó kúkú ké sí yín. Èyí tó burú ni kí `ilopo` mìíràn wà ní gbangba:

```
(defun ilopo (x) (* 100 x))

(flet ((ilopo (x) (* 2 x)))
  (mapcar 'ilopo '(1 2 3))) ; → (100 200 300)
```

Kò sí àṣìṣe, kò sí ìkìlọ̀ pé function tí ẹ ń fẹ́ kọ́ ló ṣiṣẹ́. Èsì tí kò tọ́ ló kàn jáde, ó sì lè rin jìnnà nínú ètò yín kí ẹ tó fura. Bákan náà lọ̀rọ̀ rí pẹ̀lú `labels`, tó jọ `flet`. Fún èyí nìkan, mo gbà gbọ́ tọkàntọkàn pé `#'` ni kó jẹ́ ohun tí ọwọ́ yín máa ń tẹ̀ láìronú. Kí ẹ tó kọ `'` síwájú orúkọ function, kí ìdí kan wà tí ẹ lè fi ẹnu sọ.

---

Akẹ́kọ̀ọ́_Lisp

Ẹ ṣeun gan-an. Àpẹẹrẹ `flet` yẹn ṣí mi lójú. Ẹ jẹ́ kí n tún bi èyí: mo fẹ́ kọ function tó ń gba function mìíràn, tó ń lò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ṣé báyìí ni?

```
(defun leemeji (f x)
  (funcall #'f (funcall #'f x)))
```

---

Ọwọ́_Kóòdù

Rárá o. Ẹ yọ `#'` yẹn kúrò.

```
(defun leemeji (f x)
  (funcall f (funcall f x)))

(leemeji #'sqrt 81) ; → 3.0
```

`f` níbí jẹ́ parameter, variable sì ni parameter. Function ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó pe `leemeji` ló gbé e wá. `#'f` á lọ wá function tó ń jẹ́ F, tí kò sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni `(f x)` kò ní ṣiṣẹ́, nítorí pé níwájú àkámọ́, àyè àwọn function ni Lisp ń wò. Iṣẹ́ `funcall` gan-an nìyẹn: ó ń mú ohun tó wà nínú variable, ó sì ń pè é bíi function.

Ẹni tó ń pe `leemeji` ni kó kọ `#'`. Ẹni tó kọ ara `leemeji` kò nílò rẹ̀.

---

ÒruNiMoŃKọ

Àfikún kékeré: `#'` kì í ṣiṣẹ́ lórí macro. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbìyànjú `(apply #'and '(t t nil))`. `and` kì í ṣe function, macro ni, kò sí nǹkan tí `#'` lè gbé fún yín níbẹ̀. `(every #'identity '(t t nil))` ni kí ẹ lò, `NIL` ló máa dá padà.

---

Ayípadà

Mo fara mọ́ Ọwọ́_Kóòdù lórí `flet`, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n gbèjà `'` díẹ̀, nítorí ibi kan wà tí òun ló yẹ kí ènìyàn lò, tí `#'` á sì dá yín dúró.

Agbára Lisp tí mo fẹ́ràn jù lọ ni pé ètò lè máa ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ kí ẹ sì tún function kan kọ nínú rẹ̀ láìpa á kú. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀:

```
(defun ki (oruko)
  (format nil "Ẹ ǹlẹ́, ~a" oruko))

(defvar *a* #'ki)
(defvar *b* 'ki)

;; ẹ wá tún un kọ
(defun ki (oruko)
  (format nil "Ẹ káàbọ̀, ~a" oruko))

(funcall *a* "àlejò") ; → "Ẹ ǹlẹ́, àlejò"
(funcall *b* "àlejò") ; → "Ẹ káàbọ̀, àlejò"
```

`*a*` di function àtijọ́ mú. Ohun tí `defun` kejì ṣe ni pé ó gbé function tuntun sí ara orúkọ `ki`; kò fọwọ́ kan èyí tó wà lọ́wọ́ `*a*`. `*b*` ní tirẹ̀ di orúkọ nìkan mú, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pè é ló ń lọ wò ó ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lákòókò náà.

Ohun tó tún ń mú kó le ni `defvar`. Bí variable náà bá ti ní iye, `defvar` kì í tún fún un ní òmíràn. Ẹ lè tún gbogbo fáìlì náà gbé sínú ètò tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, `*a*` á ṣì di ti àtijọ́ mú. Ènìyàn á máa tún kóòdù ṣe, á máa gbé e wọlé, ètò náà ò ní yí padà, á sì máa rò pé kọ̀ǹpútà ń bá òun ṣeré.

Nítorí náà: bí ẹ bá ń tọ́jú function sí ibi tó máa pẹ́, bíi ohun tí server máa pè nígbà tí ìbéèrè bá wọlé, tàbí iṣẹ́ tí thread kan ń tún ṣe lemọ́lemọ́, `'ki` lè sàn fún yín ju `#'ki` lọ. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀ ń fún `mapcar` tàbí `sort` tí yóò lò ó tán lójú ẹsẹ̀, kò sí èrè kankan nínú `'`.

---

Ọwọ́_Kóòdù

Mo gbà, ìyẹn ni mo pè ní ìdí tí ènìyàn lè fi ẹnu sọ. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó ń kọ́ ọ mọ ohun tó ń san fún un. `(defvar *b* 'kii)`, pẹ̀lú `i` kan tó lé: compiler ò ní sọ nǹkan kan, torí symbol lásán ni, dátà ni lójú rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹnì kan bá pe `*b*` ni àṣìṣe náà máa jáde. `(defvar *a* #'kii)` ní tirẹ̀, SBCL á kìlọ̀ nígbà tó bá ń compile, bí ẹ bá sì gbé e wọlé bẹ́ẹ̀, á kọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé kò sí function tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

---

Ayípadà

Òótọ́ ni. Bí ẹ bá fẹ́ méjèèjì pọ̀, ọ̀nà kan tún wà:

```
(defvar *d* (lambda (oruko) (ki oruko)))
```

Níbí, `ki` wà níwájú àkámọ́ nínú lambda, nítorí náà compiler mọ̀ pé function ni, á kìlọ̀ bí kò bá sí. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sì pe `*d*`, `ki` ti ìsinsìnyí ló máa ṣiṣẹ́, bí ẹ kò bá ṣáà ti ní kí compiler da ara `ki` pọ̀ mọ́ ibi tí wọ́n ti ń pè é. Ó gùn díẹ̀, mo mọ̀, ṣùgbọ́n mo máa ń lò ó.

---

OníEmacs

Ẹ jẹ́ kí n dá Akẹ́kọ̀ọ́ lóhùn lórí ti Emacs, nítorí pé Lisp ibẹ̀ kò rí bákan náà, bí ẹ bá sì gbé òfin Common Lisp lọ síbẹ̀ lódindi, ẹ máa ṣi ibì kan gbọ́.

Irú ìlà tí ẹ ń rí nìyí:

```
(add-hook 'prog-mode-hook #'display-line-numbers-mode)
```

Hook ni `prog-mode-hook` (àtòjọ àwọn function tí Emacs máa ń pè nígbà tí ohun kan bá ṣẹlẹ̀), kì í ṣe function. Variable ni. `add-hook` nílò orúkọ variable náà kó lè lọ fi nǹkan kún ohun tó wà nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ `'`. `display-line-numbers-mode` jẹ́ function tí ẹ fẹ́ kí wọ́n máa pè, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ `#'`. Ẹni tó bá ka ìlà náà ti mọ ipa tí orúkọ kọ̀ọ̀kan ń kó kó tó ka ohunkóhun mìíràn. Mo fẹ́ràn àṣà yìí gidigidi.

Ṣùgbọ́n ẹ dán èyí wò nínú Emacs:

```
(eq #'car 'car) ; → t
```

Nínú Common Lisp, `NIL` ni ìdáhùn. Nínú Emacs Lisp, bí ohun tó wà lẹ́yìn `#'` bá jẹ́ symbol, symbol náà gan-an ló ń dá padà. Kò lọ mú function jáde. Èyí túmọ̀ sí pé ohun tí Ayípadà sọ nípa `*a*` kò ṣẹlẹ̀ níbí: bí ẹ bá fi `#'ise-mi` sínú hook, tí ẹ sì tún `ise-mi` kọ, hook náà á lo ti tuntun. Kí wá ni èrè `#'`? Compiler ni. Ó mọ̀ pé function lẹ̀ ń tọ́ka sí, á sì kìlọ̀ bí kò bá mọ function tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Pẹ̀lú `'`, kò ní sọ nǹkan kan.

Ibi tí ìyàtọ̀ ti tóbi nínú Emacs ni lambda. Ẹ má ṣe fi `'` síwájú lambda láé:

```
;;; -*- lexical-binding: t -*-
(let ((n 10))
  (mapcar '(lambda (x) (+ x n)) '(1 2 3)))
;; àṣìṣe: Emacs á ní n kò ní iye

(let ((n 10))
  (mapcar (lambda (x) (+ x n)) '(1 2 3)))
;; → (11 12 13)
```

`'(lambda ...)` jẹ́ àtòjọ lásán, tí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ inú rẹ̀ kàn ń jẹ́ lambda. Emacs ṣì ń gbà láti pè é bíi function, ṣùgbọ́n kò gbé `n` dání, compiler kì í sì í fọwọ́ kan ohun tó wà nínú rẹ̀. Láyé àtijọ́, kí Emacs 24 tó gbé `lexical-binding` (ìlànà pé kí function máa rí variable ibi tí wọ́n ti kọ ọ́) dé ní 2012, kóòdù irú ìyẹn máa ń ṣiṣẹ́, ó sì ṣì kún inú fáìlì ìṣètò tí àwọn ènìyàn ń ṣe àdàkọ rẹ̀ látọ̀dọ̀ ara wọn. Bí ẹ bá rí `'(lambda` nínú tiyín, ẹ pa `'` yẹn rẹ́ lónìí.

Ọ̀rọ̀ kan tó tan mọ́ ọn: nínú hook, ẹ fún function ní orúkọ dípò kí ẹ kó lambda sí i. Bí ẹ bá tún lambda kọ tí ẹ sì tún ìlà náà ṣe, ti àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀, ti tuntun wá kún un, méjèèjì á sì máa ṣiṣẹ́. Láti yọ ọ́ pẹ̀lú `remove-hook`, ẹ gbọ́dọ̀ ní lambda kan náà gẹ́lẹ́ lọ́wọ́. Pẹ̀lú orúkọ, `(remove-hook 'prog-mode-hook #'ise-mi)` parí ọ̀rọ̀.

---

Ọwọ́_Kóòdù

Nínú Common Lisp, `(funcall '(lambda (x) x) 3)` kò ṣiṣẹ́ rárá. Àtòjọ kì í ṣe function, wọn ò sì gbà á dípò rẹ̀.

---

Onítàn_Kọ̀ǹpútà

Ìtàn ohun tí OníEmacs ṣàpèjúwe pẹ̀lú `n` yẹn ti gbó ju ọ̀pọ̀ wa lọ, mo sì rò pé ó wúlò láti mọ̀ ọ́n, nítorí òun ló jẹ́ kí `function` wà nínú èdè náà rárá.

Ní MIT, níbi tí John McCarthy ti bẹ̀rẹ̀ Lisp ní 1958, `quote` ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi gbé function fún function mìíràn. James Slagle kọ function kan tó ń gba function bí argument, èsì rẹ̀ kò sì bọ́ sí i, nítorí pé variable inú èyí tó gbé sílẹ̀ lọ bá orúkọ kan náà pàdé níbi tí wọ́n ti pè é, ó sì mú iye ti ibẹ̀. McCarthy fúnra rẹ̀ kọ ọ́ lẹ́yìn náà pé òun kà á sí àṣìṣe kékeré tí Steve Russell máa tètè tún ṣe. Russell tún un ṣe lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tuntun gbáà ló gbé kalẹ̀, tí wọ́n pè ní FUNARG: kí function máa gbé àyíká tí wọ́n ti kọ ọ́ dání lọ sí ibikíbi tó bá ń lọ. Nínú LISP 1.5, `QUOTE` àti `FUNCTION` ti di ohun méjì. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá kọ `#'`, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àyè orúkọ nìkan. Àyíká náà wà nínú rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo Lisp ló ní àyè méjì o. Scheme, tí Sussman àti Steele bẹ̀rẹ̀ ní 1975, àyè kan ṣoṣo ló ní. Ẹ kàn máa kọ `(map sqrt '(1 4 9))`, kò sí àmì kankan níwájú `sqrt`. Èrè rẹ̀ hàn. Ohun tí wọ́n fi san án ni pé bí ẹ bá pe parameter yín ní `list`, ẹ ti pàdánù function `list` nínú ara function náà. Gabriel àti Pitman ló pe irú ti Scheme, tó ní àyè kan, ní Lisp-1, tí wọ́n pe ti Common Lisp ní Lisp-2, nínú ìwádìí kan ní 1988. Orúkọ yẹn lẹ máa rí níbi gbogbo tí wọ́n bá ti ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Kí ẹ sì ṣọ́ra bí ẹ bá kọjá sí Clojure. Lisp-1 ni òun náà, ṣùgbọ́n `#'` wà níbẹ̀, ohun mìíràn ló sì ń ṣe: `#'ki` níbẹ̀ jẹ́ `(var ki)`, ìyẹn àpótí tí orúkọ náà ń tọ́ka sí. Bí ẹ bá gbé `#'ki` fún server Clojure, tí ẹ sì tún `ki` kọ, ti tuntun ló máa pè. Bí ẹ bá gbé `ki` lásán fún un, ti àtijọ́ ló máa di mú. Ẹ fi wé ohun tí Ayípadà fi hàn lókè. Àmì kan náà, ìwà òdìkejì.

---

Akẹ́kọ̀ọ́_Lisp

Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣé o. Mo ti gbé ohun tí ẹ sọ lọ sínú iṣẹ́ mi. Mò ń kọ ẹ̀rọ ìṣírò kékeré kan, mo fẹ́ tábìlì tó so ọ̀rọ̀ mọ́ function. `#'` ni mo lò gẹ́gẹ́ bí ẹ ti wí:

```
(defparameter *ise*
  '(("ropo" . #'+)
    ("yo"   . #'-)))

(funcall (cdr (assoc "ropo" *ise* :test #'string=)) 3 4)
```

SBCL ní ohun tí mo fún `funcall` kì í ṣe function. Báwo ló ṣe jẹ́?

---

Aṣe_Macro

Ẹ wo `'` tó ṣáájú gbogbo tábìlì náà. `quote` kì í jẹ́ kí wọ́n ṣe ìṣirò ohunkóhun tó bá wà nínú rẹ̀, bí ó ti wù kó jìn tó. `#'+` jẹ́ ìkékúrú fún `(function +)`. Nínú `quote`, àtòjọ tó ní ohun méjì yẹn ló kù síbẹ̀, kò sí ẹni tó sọ ọ́ di function. Ẹ tẹ èyí:

```
(first *ise*) ; → ("ropo" FUNCTION +)
```

Ẹ rí ọ̀rọ̀ FUNCTION tó jókòó síbẹ̀ bíi dátà. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà:

```
;; kí ẹ kọ́ tábìlì náà nígbà tí ètò bá ń ṣiṣẹ́
(list (cons "ropo" #'+) (cons "yo" #'-))

;; kí ẹ lo backquote, kí ẹ sì fi àmì ìdánudúró tú function sílẹ̀
`(("ropo" . ,#'+) ("yo" . ,#'-))

;; kí ẹ fi orúkọ nìkan sínú rẹ̀
'(("ropo" . +) ("yo" . -))
```

Ọ̀nà kejì yẹn, inú dátà báyìí ló ti dára. Nínú macro, ẹ má ṣe é. Bí macro bá kọ `` `(mapcar #'ilopo ,l) ``, ó kọ `(function ilopo)` sínú kóòdù tó ń dá padà, compiler á sì yanjú rẹ̀. Bó bá kọ `,#'ilopo`, function fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ bọ inú kóòdù náà, `compile-file` kò sì lè kọ function sí fáìlì bẹ́ẹ̀.

Irú ìdẹkùn yìí tún wà nínú `case`. Wọn kì í ṣe ìṣirò àwọn kókó inú rẹ̀, nítorí náà `(case x ('a 1))` ń dá symbol QUOTE náà mọ̀ pẹ̀lú A. `(case x (a 1))` ni kí ẹ kọ.

---

Akẹ́kọ̀ọ́_Lisp

Ó ti yé mi. Nínú àwọn mẹ́ta yẹn, èwo ni ẹ máa mú fún ẹ̀rọ ìṣírò yìí? Mo fẹ́ kí ẹni tó ń lò ó lè fi iṣẹ́ tirẹ̀ kún tábìlì náà, kí n sì lè tọ́jú rẹ̀ sí fáìlì.

---

Ayípadà

Bó bá máa wọ fáìlì, ọ̀nà kẹta ló kù, kò sí àríyànjiyàn. Ẹ lè tẹ symbol jáde kí ẹ sì tún un kà padà. Function máa ń jáde bíi `#<FUNCTION +>`, bí `read` bá sì pàdé `#<`, á kọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ní ti orúkọ, `funcall` á gba `+` láti inú tábìlì yín láìsí wàhálà, torí pé ní gbangba ló wà.

Ohun tí Ọwọ́_Kóòdù kìlọ̀ rẹ̀ lókè ṣì kù: orúkọ tí wọ́n ṣì kọ kò ní jáde títí ẹnì kan á fi pè é. Ẹ fi ìlà kan yẹ̀ ẹ́ wò kété tí ẹ bá ka tábìlì náà tán:

```
(dolist (m *ise*)
  (unless (and (symbolp (cdr m)) (fboundp (cdr m)))
    (error "Kò sí function tó ń jẹ́ ~s fún ~s" (cdr m) (car m))))
```

---

Ọwọ́_Kóòdù

Ẹ fi `macro-function` kún àyẹ̀wò yẹn. `(fboundp 'and)` ń dá òótọ́ padà fún macro náà, `funcall` ò sì ní gbà á. `if` náà rí bẹ́ẹ̀, `special-operator-p` ló ń mú òun.

```
(defun se-e-pe-p (s)
  (and (symbolp s)
       (fboundp s)
       (not (macro-function s))
       (not (special-operator-p s))))
```

Kí `dolist` Ayípadà máa pe `(se-e-pe-p (cdr m))` dípò àwọn méjì tó wà níbẹ̀.